Àtàǹpàkò Lórí Àtẹ́lẹwọ́

Ó ti ń lọ sí oṣù méjì báyìí tí àtàǹpàkò kan ò jẹ́ kí n sinmi. Mo lè máa ka owó ọjà lálẹ́, mo lè jókòó ti oúnjẹ, òun ni n ó kàn ṣàdédé rí: ọwọ́ kan tó di ìkúùkù, àtàǹpàkò rẹ̀ nàró, ó gúnlẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ kejì, ọwọ́ méjèèjì sì jọ ń gòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni obìnrin náà ṣe é lójú mi. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn.

Mo máa pè é ní Ìyá Ìbejì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò bí ìbejì o. Mo fi orúkọ náà bò ó ni, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá a kiri àdúgbò wa. Aránṣọ ni, adití sì ni. Ọkọ rẹ̀ ń gbọ́rọ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ó tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Èmi ní tèmi, ṣọ́ọ̀bù òògùn kékeré kan ni mo ní, ojúlé kẹta sí tiwọn, lápá ibi tí Èkó ti ń di Ògùn mọ́ni lójú.

## Ní káńtà

Alẹ́ Ọjọ́rú kan ni. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá, mo ti ń ti ilẹ̀kùn. Ó já wọlé, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Mo mú báńdéèjì, mo ń wé e. N kò tíì wé e tán tí ọkọ rẹ̀ fi dé, àwọn ará ilé sì ti tò tẹ̀ lé e. Ìyá ẹlẹ́kọ tó wà ní òdìkejì títì ló pariwo pé tòní yìí, àfi téṣàn. Bí gbogbo wa ṣe gbéra nìyẹn. Ọkọ náà tẹ̀ lé wa, kò jà, kò ta. Ó yẹ kí ìyẹn gan-an ti fu wá lára.

Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń rọ̀ wá lọ́rùn láti di gbogbo ẹ̀bi ru ọlọ́pàá ká sì gba ilé wa lọ. Ó kí wa dáadáa, ó gbé àga fún Ìyá Ìbejì, ó ṣí ìwé gbàǹgbà rẹ̀, ó ní, "Màdámù, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ìyá Ìbejì ń wo ẹnu rẹ̀. A ní kò gbọ́rọ̀. Ọlọ́pàá gbé bírò sílẹ̀, ó wò yíká, ó ní, "Ta ló gbọ́ èdè rẹ̀ nínú yín?"

Gbogbo wa la wo ọkọ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó ní ká ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwa tá a torí ọkùnrin yìí wá sí téṣàn, àwa náà la yíjú sí i pé kó wá bá ìyàwó rẹ̀ rojọ́. Ó sún mọ́ káńtà, ó fi ọwọ́ bi í ní nǹkan. Obìnrin náà ń fi ọwọ́ dáhùn, tòun ti ọrùn ọwọ́ tó wú. Ó ń fi ọwọ́ òsì ti tọ̀tún lẹ́yìn kó lè gbéra. Ọkọ ní, "Ó ní orí àtẹ̀gùn lòun ti yọ̀ ṣubú." Ọlọ́pàá ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Ìbejì wo bírò, ó wo ìwé, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wá kọjú sí èmi. Ó di ìkúùkù, ó na àtàǹpàkò, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sókè.

"Ẹ ò rí i fúnra yín," ọkọ ní. "Ó ní kò sí wàhálà, ọ̀rọ̀ ti tán."

Kí la tún fẹ́ wí? Àtàǹpàkò tó nàró, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ojoojúmọ́ là ń fi í ránṣẹ́ sí ara wa lórí WhatsApp. Mo na tèmi náà sí i, mo rẹ́rìn-ín. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, ó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo mi orí fún un. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fà á wá sí àyà ara rẹ̀, ìrora sì hàn lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ọkọ na ọwọ́, ó fi bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ọlọ́pàá ní ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni, kí wọ́n lọ parí rẹ̀ nílé. Ìyá ẹlẹ́kọ ní ẹ ṣeun, ọ̀gá. Èmi tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ náà pé ó bá wa túmọ̀ rẹ̀.

## Àdúrà olùrànlọ́wọ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní ìgboro. Mo pẹ́ kí n tó dé, ẹ̀gbẹ́ àwọn adití nìkan sì ni àyè kù sí. Ọmọbìnrin kan dúró níwájú wọn, ó wọ aṣọ dúdú kí wọ́n lè rí ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, ó ń fi ọwọ́ sọ gbogbo ohun tí pásítọ̀ ń sọ. Pásítọ̀ wá dórí àdúrà tí àwa ará ibí fẹ́ràn jù lọ: kí Ọlọ́run rán olùrànlọ́wọ́ sí tọkọtaya. Ìrànlọ́wọ́ láti àríwá, ìrànlọ́wọ́ láti gúúsù, ìrànlọ́wọ́ níbi tí wọn ò fojú sí. Àmín ń dún bí ààrá. Ọmọbìnrin náà di ìkúùkù, ó na àtàǹpàkò, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e sókè. Bí pásítọ̀ bá ti pe ìrànlọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ á gòkè. Àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ náà ń gbé tiwọn sókè, ojú wọn dijú, ọwọ́ wọn ń gbàdúrà.

Àmín há mi lọ́fun.

Nígbà tí ìsìn parí, mo dá ọmọbìnrin náà dúró. Mo ṣe é fún un bí mo ṣe rántí rẹ̀, mo bi í pé àbí kò lè túmọ̀ sí "kò sí wàhálà". Ó ní, "Rárá, mà. Ìrànlọ́wọ́ ni. Tó bá lọ síwájú báyìí, ẹ̀yin lẹ fẹ́ ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá fà á wá sáyà yín, ẹ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ran ẹ̀yin lọ́wọ́ nìyẹn." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo fẹ́ kọ́ èdè náà ni. Èmi ń rántí àyà tí Ìyá Ìbejì fà á lọ ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ní ojú méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì là wọ́n sílẹ̀ gbàgà.

Mo wá ìtàn àmì yẹn lọ, torí bí nǹkan bá ti dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ ni yóò máa wá kiri. Kì í ṣe àwa la dá a sílẹ̀. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà kan, Andrew Foster, tí wọ́n bí ní Alabama ní 1925, tí àìsàn sì di etí rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, iléèwé gíga àwọn adití ní Washington, ní 1954. Ó dé Ghana ní 1957, ó dá iléèwé adití sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1960, ó wá sí Ìbàdàn, ó ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Èdè ọwọ́ tó kó dání láti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ adití tó kàwé ní Nàìjíríà ń sọ títí dòní, ti Ìyá Ìbejì náà mọ́ ọn, torí Ìbàdàn ló ti kàwé. Ẹ wo ibi tí àtàǹpàkò yẹn ti rìn dé: láti Washington dé Gánà, láti Gánà dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé káńtà ọlọ́pàá lẹ́yìn Èkó. Iwájú mi ló ti wá ṣìnà.

(Kì í kúkú ṣe gbogbo adití ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọn ò fi síléèwé, àmì tí òun àti ará ilé rẹ̀ jọ dá sílẹ̀ ló ń lò. Ìyá odi ní í gbédè odi, a máa ń fi sọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹni tó gbédè odi náà ló ń lu odi ńkọ́?)

## Ẹnu kan ṣoṣo

A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ohun tó ń jẹ mí lára ni pé kò sẹ́ni tó rò lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ẹjọ́ ẹnìkan là ń gbọ́. Èèyàn méjì ló dúró níwájú wa. Ọwọ́ ń lọ, ọwọ́ ń bọ̀. A gbà pé a ti gbọ́ tọ̀tún, a ti gbọ́ tòsì. Ẹnu kan ṣoṣo ló sì sọ̀rọ̀, ẹnu ẹni tá a fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Láti ọjọ́ náà ni ojú mi ti là nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Màdámù kan mú ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí kò gbọ́ ju Ègùn lọ. Ọmọ náà ń tiro. Màdámù ló ń ròyìn bó ṣe ṣubú nílé ìwẹ̀, màdámù ló ń sọ ibi tó ń dùn ún, màdámù ló sọ pé kò níbà. Ọmọ ń wo ilẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹja yíyan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ Àgbádárìgì ni, Ègùn ló fi mumú dàgbà. Ìṣẹ́jú méjì ni ì bá gbà mí láti pè é. Lọ́dún tó kọjá, n kò ní pè é. Lọ́tẹ̀ yìí mo pè é, mo sì ní kí màdámù bá mi jókòó síta díẹ̀, pé àyè inú ò gbà wá. Ohun tí ọmọ náà sọ, kì í ṣe tèmi láti kọ síbí. Mo kàn fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ sí ti màdámù, ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó yíká yín. Bàbá arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ń mú lọ sílé ìwòsàn, tó ń bá a dáhùn gbogbo ìbéèrè dókítà, tí káàdì báńkì bàbá sì wà lápò ọmọ. Obìnrin orí kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n ní kó wá kọ sítétímẹ́ǹtì rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ẹni tó máa gbé e gòkè sì jẹ́ ẹni tó sá fún wá síbẹ̀. Ọmọkùnrin tí wọ́n fipá bá sùn, tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń fi ẹ̀rín bá a sọ pé ọkùnrin kì í sunkún. Òfin ìwà ọ̀daràn tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún gúúsù Nàìjíríà kò tiẹ̀ ka ọkùnrin mọ́ ẹni tí wọ́n lè fipá bá lò pọ̀. Òfin àpapọ̀ ti 2015 lórí ìwà ipá sí ènìyàn ló wá sọ ọ́ di "ẹnikẹ́ni", lọ́kùnrin lóbìnrin.

A máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń ka òwe yẹn sí ọgbọ́n. Ní báyìí, mo ń bínú sí i díẹ̀. Ìyá Ìbejì kò dákẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Òwe náà ń bá ẹni tí kò sọ̀rọ̀ wí, kò sì bá ẹni tí kò wá etí tí yóò fi gbọ́ ọ wí rárá.

Ìwé òfin kò sì ṣófo. Èkó ti ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá inú ilé láti 2007, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ ààbò lábẹ́ rẹ̀, ìlù nìkan kọ́ ló sì pè ní ìwà ipá: ẹni tó gba owó mọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ń dẹ́rù bà á wà níbẹ̀. Òfin àwọn akanda ẹ̀dá ti Èkó dé ní 2011. Èyí tó kan gbogbo Nàìjíríà, Ààrẹ fọwọ́ sí i ní January 2019, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà wọlé. Ẹ máa ka ọdún márùn-ún yẹn, kí ẹ sì lọ wo ẹnu ọ̀nà àwọn ọ́fíìsì tó wà nítòsí yín. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ẹlẹ́rìí tí kò lè sọ̀rọ̀ lè fi àmì jẹ́rìí níwájú ilé ẹjọ́. Òfin ti gbà pé ọwọ́ lè jẹ́rìí. Àwa tá a dúró ní káńtà la ò tíì gbà.

## Ìwé tí mo kọ ní Yorùbá

Ẹ má rò pé ojú mi là tán lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn. Àṣìṣe ṣì kù nínú àpò mi.

Mo gba nọ́ńbà ọmọbìnrin ògbufọ̀ náà. Mo ra àǹkárá ọ̀pá mẹ́fà, mo ní kó sin mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì bí ẹni tó fẹ́ ránṣọ, ní wákàtí tí ọkọ rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Mo ń yin ara mi lọ́kàn. Ìyá Ìbejì gbójú sókè, ó rí ọmọbìnrin náà, ó sì yí padà sídìí máṣínnì rẹ̀ bí ẹni tí kò rí wa. Títì la jáde. Ọmọbìnrin náà ní, "Ó mọ̀ mí, mà. Ọkọ rẹ̀ ti mú un wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa rí, ó sì mọ gbogbo àwọn ẹni wa. Bí mo tilẹ̀ búra pé n kò ní sọ, báwo ló ṣe fẹ́ dá a lójú?" Ayé àwọn adití Èkó kò tóbi. Èmi tí mo ń bínú pé wọ́n yan ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ láìbi í, mo tún ti bá a yan òmíràn láìbi í.

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, èmi nìkan. Mo mú ìwé àti bírò. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá tó já gaara pé mo wá tọrọ àforíjì, pé n kò mọ ohun tí àmì náà jẹ́. Ó wo ìwé náà pẹ́. Ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó mi orí, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì kọ gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní iléèwé. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, Yorùbá ni ìyá rẹ̀, ojúlówó ará Ẹ̀gbá ni wọ́n, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ ní Yorùbá kíkà rí. Èdè tí mo rò pé a jọ ní, èmi nìkan ni mo ní in.

Ìwé yẹn la wá ń gbà lọ́wọ́ ara wa. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ ni "iná". Mo rò pé ó ń sọ pé wọ́n ti mú iná lọ ni. Rárá. Bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀ lálẹ́, ohun tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé yóò pa iná. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó jẹ́ pé ojú ló fi ń gbọ́rọ̀, tó jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́, òkùnkùn ni wọ́n fi ń dí i lẹ́nu. Ó ra tọ́ọ̀ṣì, ọkọ yọ bátìrì rẹ̀. Ó ń lo iná fóònù, ọkọ ń mú ṣájà jáde lọ. Fóònù náà sì rèé, ọkọ ló ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, òun ló ń dá owó iṣẹ́, òun ló ń gbà á. Àwa tá à ń ránṣọ níbẹ̀ máa ń yìn ín pé ọkọ tó dúró ti ìyàwó rẹ̀ nìyí.

Ó wá kọ gbólóhùn kan, ó yí ìwé náà síwájú mi, kò sì wo ojú mi nígbà tí mo ń kà á. Mo fi sí Yorùbá báyìí: nínú òkùnkùn, n kò lè sọ pé n kò fẹ́.

Ohun tí mo mọ̀ nídìí òògùn ni mo kọ fún un. Pé bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, wákàtí méjìléláàádọ́rin ló wà fún òògùn tó ń dènà kòkòrò HIV, bó sì ti yá tó ló dára tó, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń lò ó. Pé kó má tíì wẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wọ̀, inú àpò ìwé ni kó kó o sí, kì í ṣe nínú náílọ́ọ̀nù tí yóò mú un lóòru. Mo kọ nípa Mirabel Centre, ibi ìtọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn LASUTH n'Íkẹjà, tí wọ́n ṣí ní 2013, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, tí wọn kì í gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹni tó bá wá. Mo kọ nípa DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ bí ìgbìmọ̀ ní 2014, tí òfin sì sọ di àjọ gidi ní 2021. Ó fara balẹ̀ kà gbogbo rẹ̀. Ó wá kọ ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ta ló máa bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

N kò ní ìdáhùn. Mo kọ ọ́ padà fún un: "Ta lẹ fẹ́?" Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti kọjá lẹ́yìn alẹ́ káńtà yẹn, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wa bi í.

Kò tiẹ̀ ronú. Olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni, ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbọ́rọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì n'Íbàdàn, tó mọ̀ ọ́n láti ọmọ ọdún mẹ́jọ. Orí fídíò WhatsApp ni.

Ọgbọ́n tí mo mọyì gan-an nínú iṣẹ́ àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni ti WARIF, àjọ aládàáni kan tó ń ran àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lọ́wọ́ ní Yábàá, tí wọ́n ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa dá ẹni tí wọ́n fìyà jẹ mọ̀ àti ibi tí wọ́n máa darí rẹ̀ sí. Wọn ò jókòó de èèyàn ní ọ́fíìsì; ọ̀dọ̀ ẹni tí obìnrin ti máa ń lọ bá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbà. Agbẹ̀bí, onídìrí, aránṣọ, ẹni tó ń ta òògùn. Mo rò pé ó yẹ ká fi ẹni tó ń ta ẹja yíyan kún un, torí Ègùn tó gbọ́.

## Orí máṣínnì

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá láti Abẹ́òkúta, ó mú un lọ. Ó ku máṣínnì. Àwọn kan ní kó fi í sílẹ̀, kó rí i bí ẹ̀mí ṣe ju owó lọ. Àwọn kan ní a kì í ti kóòtù dé ká tún ṣọ̀rẹ́, kó má lọ sí téṣàn mọ́. Ìyá Ìbejì ní máṣínnì òun lòun fẹ́. Owó àjọ rẹ̀ ló fi rà á kó tó mọ ọkùnrin náà rárá, òun ló sì máa fi jẹun l'Ábẹ́òkúta.

A kọ́kọ́ padà sí káńtà yẹn. Ọlọ́pàá kan náà la bá. Ìyá Ìbejì gbé fóònù dúró lára ìgò omi, olùkọ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀. Wákàtí méjì ó lé la fi kọ sítétímẹ́ǹtì ojú ìwé méjì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ, ó ń bọ̀. Dátà tán lẹ́ẹ̀kan, ọlọ́pàá náà ló fi owó ara rẹ̀ rà á, kò sì jẹ́ kí n san án padà. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó yí ìwé náà sí Ìyá Ìbejì kó kà á fúnra rẹ̀. Ó tún ibi méjì ṣe.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá la lọ kó ẹrù. Èmi, Ìyá ẹlẹ́kọ, ẹlẹ́ja, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọlọ́pàá yẹn, àti Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀. Ọkọ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó wọ aṣọ funfun, ó ń kí gbogbo wa pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè, ó sọ nǹkan kan. Kíá ni ọkùnrin náà ti dá a lóhùn fún wa, "Ó ní aṣọ rẹ̀ nìkan lòun wá kó, kí ẹ fi máṣínnì sílẹ̀."

Kò sẹ́ni tó wò ó. Ọlọ́pàá ò wò ó, Ìyá ẹlẹ́kọ ò wò ó. Gbogbo wa dúró, a ń wo ọwọ́ Ìyá Ìbejì. Ó tọ́ka sí máṣínnì, ó tọ́ka sí áyọ́ọ̀nù, ó tọ́ka sí aṣọ oníbàárà mẹ́rin tó so kọ́ sára ògiri. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí mi, ó di ìkúùkù, ó na àtàǹpàkò, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́.

Máṣínnì Butterfly àtijọ́ ni, irin pọ́ńbélé. Ìyá ẹlẹ́kọ gbá orí rẹ̀ mú, èmi àti ẹlẹ́ja gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì rọra ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn jáde, kí okùn rẹ̀ má baà já.